Kí Ni À Ń Wò Nínú Ilé Wa? Ọ̀rọ̀ Òǹwòran Kan Láti Àkókó Lórí Fíìmù àti Eré Tẹlifíṣọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Kò sí ilé tí kò kàn ní Ìkàrẹ́, kò sì sí àdúgbò tí kò dé ní Ọ̀kà, láti Ìwàrò títí dé Òkè-Ọ̀kà. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni, àti eré tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù.

Nígbà kan rí, àwọn ìjọ kan wà tó ka tẹlifíṣọ̀n sí àpótí èṣù. Bí wọ́n bá rí ọ̀pá ẹ̀rọ náà lórí òrùlé arákùnrin kan, wọ́n á pè é jókòó, wọ́n á bá a wí. Lónìí, tẹlifíṣọ̀n ti kúrò ní ohun tí à ń fi ọ̀pá mọ̀ lórí òrùlé. Ó ti wọ inú àpò ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òbí tó bá ní òun kò ní wò, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò. Ìbéèrè tó kù fún wa ni pé: kí ni wọ́n ń wò, ta ló jókòó tì wọ́n, kí sì ni ohun tí wọ́n ń wò ń kọ́ wọn?

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí kì í ṣe òṣèré, n kò sì kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Òǹwòran ni mí, mo sì jẹ́ òbí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ibi tó dára, n ó yìn ín. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó, n ó sọ ọ́, ìbáà jẹ́ fíìmù àwọn ará ayé, ìbáà jẹ́ fíìmù àwa onígbàgbọ́.

INÚ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ NI ERÉ TI JÁDE

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìta ni eré ti wá bá ìjọ. Ẹ jẹ́ ká rántí ìtàn. Ní ọdún 1944, ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Hubert Ògúndé kọ eré kan nípa Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó. Láti inú eré ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni Ògúndé ti gbéra tí ó fi di baba àwọn òṣèré ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀ gbé orin Àjíǹde kan kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù ìbílẹ̀ sí i. Inú àwọn kan kò dùn sí ìlù náà nínú ilé Ọlọ́run. Dúró Ládípọ̀ kó ìlù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọdún 1962, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nígbà tó sì di ọdún 1963 ó gbé eré Ọba Kò So jáde, tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ẹni tó bá lé ẹ̀bùn jáde nínú ilé kò ní ẹnu láti ráhùn nígbà tí ẹlòmíràn bá gbà á tọ́jú. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, àwọn tó ní eré lọ́wọ́ ni wọ́n ké sí. Ìjọ kò ní nǹkan púpọ̀ láti gbé wá.

AGBÁRA ŃLÁ ÀTI ÀWỌN TÓ TẸ̀LÉ E

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ Mike Bámilóyè àti aya rẹ̀ Gloria fi ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1985 ni wọ́n dá iṣẹ́ òjíṣẹ́ Mount Zion sílẹ̀. Nígbà tí eré wọn Agbára Ńlá dé orí tẹlifíṣọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn òpópónà a máa dá. Ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n a kún fún àwọn aládùúgbò, tí ọmọdé á jókòó sílẹ̀, tí àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Eré náà sọ fún àwọn ènìyàn wa pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ní ọ̀gá. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀rù oògùn ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ìgbèkùn, ìhìn rere gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ogójì ọdún ní Ìkàrẹ́ pé ta ni ó rántí nínú Agbára Ńlá. Ìṣáwùrú ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Káyọ̀dé Owójorí ló ṣe Ìṣáwùrú, ó sì ṣe é débi pé ọmọdé kò lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn eré. Ẹ wá bi ẹni kan náà pé kí ni orúkọ ajíhìnrere tó borí Ìṣáwùrú. Ọ̀pọ̀ ni yóò máa họ orí.

Àbùkù tí mo rí nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Kristẹni nìyí, kì í sì í ṣe ti Mount Zion nìkan. Èṣù ni wọ́n ń fún ní ipa tó dùn jù. Òun ló ní aṣọ, òun ló ní ẹ̀rín, òun ló ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sín jẹ ní ilé ẹ̀kọ́. Onígbàgbọ́ inú eré kì í rẹ́rìn-ín, kì í bá aya rẹ̀ ṣeré, kì í sì í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ìwàásù ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ni òkùnkùn fi ń jọba, ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ni ìmọ́lẹ̀ dé. Ọmọ tó bá sùn lọ kí fíìmù tó parí, òkùnkùn nìkan ló mú lọ sórí ibùsùn.

Mo dúpẹ́ pé àyípadà ń dé. Ní ọdún 2020, fíìmù The Train jáde, èyí tó sọ ìtàn ìgbésí ayé Mike Bámilóyè fúnra rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ Dámilọ́lá gbé jáde. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé onígbàgbọ́ inú rẹ̀ jẹ́ ènìyàn. Nǹkan kò ṣẹnuure fún un, owó kò sí lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ń lọ. Ọ̀dọ́ tí kò tíì ríṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ lè rí ara rẹ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ju bí yóò ti rí ara rẹ̀ nínú ìjà àwọn ẹ̀mí àìmọ́ lọ.

ANÍKÚLÁPÓ: ẸNI TÓ FI Ẹ̀BÙN ṢÒWÒ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love tí àwa àgbà mọ̀ dáadáa, gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sárò ni. Ahunṣọ ni, ó wá jẹun dé ìlú Ọ̀yọ́, ó sì bá Arọ́lákẹ́, olorì ọba, yan àlè. Wọ́n lù ú pa. Ẹyẹ Àkàlà jí i dìde, Arọ́lákẹ́ sì gba àdó ẹyẹ náà, èyí tó lè jí òkú. Tọkọtaya náà sá lọ sí ìlú mìíràn. Sárò bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó, ó di olówó, ó kó aya jọ, ó gbàgbé obìnrin tó gba àdó náà fún un. Ìgbà tó dé orí pé kí ọba fún òun ní ọmọbìnrin rẹ̀ kí òun tó ṣiṣẹ́, Arọ́lákẹ́ ti tú ohun inú àdó náà dà. Ẹ ò rí i bí ìgbéraga ti ń parí.

N kò ní purọ́ fún yín: ìtàn náà lágbára. Ẹni tó bá ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 nípa Símónì oṣó tó fẹ́ fi owó ra ẹ̀bùn Ọlọ́run, tàbí Ọba Kejì orí 5 nípa Géhásì tó sáré tẹ̀lé ọrẹ Náámánì, yóò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan náà ni. Àwa tí à ń wo Sárò tí à ń sọ pé ẹ ò rí i, ẹ jẹ́ ká tún wo agbo ilé tiwa. Ǹjẹ́ a kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gba owó kí wọ́n tó gbàdúrà fún aláìsàn? Nígbà tí àwọn òṣèré bá fi wòlíì ayédèrú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú fíìmù, inú máa ń bí wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún wọn ní ohun tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bá wí.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Àwọn ìran ìbálòpọ̀ wà nínú Aníkúlápó tí kò yẹ ojú ọmọdé, èmi ò sì rí ohun tí ìtàn náà ì bá pàdánù bí a bá yọ wọ́n kúrò. Tọkọtaya tó bá fẹ́ wò ó, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ká tàn án sí pálọ̀ níwájú ọmọ, ká máa ní kí wọ́n di ojú bí ó bá débẹ̀, kò bójú mu.

JAGUN JAGUN ÀTI ÒKÈ ÀWỌN BABA WA

Fémi Adébáyọ̀, ọmọ Ọ̀gá Bello, gbé Jagun Jagun jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ògúndìjì, jagunjagun tó dá ilé ẹ̀kọ́ ogun sílẹ̀, tí àwọn tó ń du oyè ń wá bá kí ó bá wọn jà. Lateef Adédiméjì ló ṣe Gbọ́tijà, ọ̀dọ́ tó wá kọ́ ogun nítorí ìyà tó jẹ ilé rẹ̀.

Àwa ará Àkókó ni ó yẹ kí fíìmù yìí bá wí jù. Kí ló gbé àwọn baba wa gun orí òkè tí Ọ̀kà fi dúró títí dòní? Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun Núpé ń já wọ inú Àkókó láti àríwá, àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà náà sì dé ibí. Òkúta ni àwọn baba wa fi ṣe odi. Nítorí náà nígbà tí fíìmù náà fi hàn pé ẹni tí ogun ń mú lówó kò ní fẹ́ kí ogun tán, òtítọ́ tí ilẹ̀ wa mọ̀ lára ni. Ẹ wo bí ó ti rí lónìí pẹ̀lú àwọn tó ń fún ọ̀dọ́ ní owó àti ìbọn nígbà ìdìbò, tàbí nígbà àríyànjiyàn oyè. Ìkàrẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Ó pọ̀ jù. Orí ń já, apá ń já, ọfọ̀ ń lọ lemọ́lemọ́. Àgbà lè fa ẹ̀kọ́ ogun yọ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní mú ẹ̀kọ́. Idà ni yóò mú, ọ̀pá ìgbálẹ̀ ni yóò sì fi ṣe é lára àbúrò rẹ̀.

House of Ga'a ti Bọ́láńlé Austen-Peters, tó jáde ní oṣù keje ọdún 2024, jọ ọ́. Ìtàn Baṣọ̀run Gáà tó fi ọba jẹ, tó sì fi ọba sílẹ̀ fún ikú ní Ọ̀yọ́, kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Àwọn àgbà ti fi òwe parí ìtàn yẹn fún wa tipẹ́: bí o láyà, kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sòótọ́. Bí àwọn ọmọ yín tó ti dàgbà bá wò ó, ẹ kọ́ wọn ní òwe náà. Òwe yẹn nìkan tó ẹ̀kọ́.

ÌYÁ ỌLỌ́MỌ MÁRÙN-ÚN

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé A Tribe Called Judah jáde, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí owó tó wọlé lórí rẹ̀ ní ilé sinimá kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Ìyá kan bí ọmọkùnrin márùn-ún fún ọkùnrin márùn-ún. Kíndìnrín ìyá yìí bà jẹ́, owó ìtọ́jú kò sí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbìmọ̀ láti lọ jalè ní ilé ìtajà ńlá kan.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé fíìmù náà ń kọ́ ọmọ ní olè jíjà. Mo gbà pé ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lórí ọ̀rọ̀ olè. Àìsàn ìyá kò sọ olè di ohun rere, kí á má tan ọmọ wa jẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan gbé mi lọ́kàn tí kò jẹ́ kí n sùn. Ká ní ìjọ kan wà ládùúgbò ìyá yẹn ńkọ́? Ká ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan wà tó mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn? Ní àárín wa níbí, àwọn kan wà tí wọ́n ń gba ọ̀nà jíjìn lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí àrùn kíndìnrín, tí wọ́n ń ta ilẹ̀, tí wọ́n ń ta ọkọ̀. Ìjọ tó bá ń dá owó fún gbogbo ayẹyẹ, tí kò sì ní àpò fún aláìsàn, kò lẹ́nu láti bá fíìmù yẹn jà.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ÌYÁ ÀGBÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni mo dé yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan ní Ọ̀kà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wá láti Èkó fún ìsinmi ọdún. Ìyá àgbà gún iyán, ó sì yọ ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ jẹ iyán, kò fọwọ́ kan ẹran. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní nínú fíìmù, ẹran ni wọ́n fi ń sọ ọmọ di àjẹ́, màmá àgbà ló sì máa ń gbé e fún ọmọ. Ìyá náà kò bínú. Ó gbé àwo náà, ó wọ yàrá lọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà, ó sì ti gba ààwẹ̀ lórí ọmọ yẹn kí wọ́n tó bí i.

Ta ló kọ́ ọmọ náà? Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Àwọn fíìmù wa ni, ti ayé àti ti Kristẹni, tó jẹ́ pé bí obìnrin bá ti darúgbó, tí ó bá jẹ́ opó, tí ó bá ń dá gbé lábúlé, àjẹ́ ni. Ìyá ọkọ, àjẹ́ ni. Aya bàbá, àjẹ́ ni. Ìgbà wo ni a rí fíìmù tí ìyá àgbà ti jẹ́ ẹni tó ń gbàdúrà mú ilé dúró, bí Lóísì ìyá àgbà Tímótíù nínú Tímótíù Kejì 1:5?

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹran. Ní ọdún 1999, fíìmù Kristẹni kan tó ń jẹ́ End of the Wicked jáde ní ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn, tó fi àwọn ọmọdé hàn bí àjẹ́. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ń lé ọmọ jáde nílé ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, wọ́n ń lù wọ́n, nítorí wọ́n ní àjẹ́ ni wọ́n. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé ka fíìmù náà mọ́ ohun tó dá a sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò gbà. Èyí tó wù kó jẹ́, ìyà náà pọ̀ débi pé ní ọdún 2008 ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọdé ní àjẹ́. Ibẹ̀ ọmọdé ni. Lọ́dọ̀ wa, àwọn arúgbó ni. Ìwé Mímọ́ pàṣẹ pé kí á bọ̀wọ̀ fún orí ewú (Léfítíkù 19:32). Onígbàgbọ́ tó bá gbà pé Jésù lágbára ju àjẹ́ lọ kò nílò láti máa wá àjẹ́ kiri lára ìyá rẹ̀.

ÀWA DÀ NÍNÚ RẸ̀?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí n kò fẹ́ fi sílẹ̀. Nínú gbogbo fíìmù tí mo dárúkọ, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bí ará Ìkàrẹ́ tàbí bí ará Ọ̀kà. Àkókó ní èdè àti ẹ̀ka èdè tó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ, kò sì sí èyí tó wọ inú fíìmù wọ̀nyí. Àwọn ọ̀dọ́ wa wà ní yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, òkè tó rẹwà wà lẹ́yìn wọn. Ẹgbẹ́ eré ìjọ tó ń ṣe eré Kérésì lọ́dọọdún lè ṣe ìtàn ìyá àgbà kan, ní èdè wa, ní ogún ìṣẹ́jú péré. Kò ní pọn dandan kí ẹ̀mí àìmọ́ kankan fara hàn nínú rẹ̀.

KÍ NI KÁ ṢE?

Èkíní, ẹ jókòó ti ọmọ yín. Fíìmù tí ẹ bá wò pọ̀, tí ẹ sì jíròrò, kò lè ṣe ìpalára tó èyí tó dá wò lábẹ́ aṣọ ìbora. Bí ó bá parí, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni o fẹ́ dà bí nínú rẹ̀? Ta ni wọ́n parọ́ mọ́? Kí ni ìwọ ì bá ṣe?

Èkejì, ẹ máa wo àmì ọjọ́ orí. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ní àmì bí 12, 15 àti 18. Lórí YouTube, ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá kì í gbé àmì kankan, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín ni àjọ náà nínú ilé yín.

Ẹ̀kẹta, bí fíìmù bá dára, ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ rántí Bàbá Sàlá. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982, àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá ń jí iṣẹ́ rere wò, kí ó má ṣe ráhùn pé iṣẹ́ burúkú ló kún ìgboro.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pe àwọn ìyá àgbà wá sí pálọ̀. Kí wọ́n jókòó láàárín ọmọ nígbà tí fíìmù ń lọ. Ọmọ tó bá fi orí lé itan ìyá àgbà rẹ̀ wo fíìmù, yóò ṣòro fún òṣèré kankan láti sọ fún un pé ọ̀tá ni ìyá náà.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń ríran, kí ó fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ àwọn tó fi sí wa lọ́wọ́. Àmín.